Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Mu Omi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹlòmíì tó bá mi bà á jẹ́. Orí àbúrò mi obìnrin pé. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé obìnrin kan jókòó sínú ọgbà bàbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to odidi mọ́tò, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé orí ẹ̀ pé báyìí?" Ó pé. Ó pé ju ti ẹni tó ń béèrè lọ.

Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Iṣẹ́ ìjókòó mọ́tò ló ń ṣe. Tí àga mọ́tò yín bá ya, tí fóòmù ẹ̀ ń yọ jáde bí ìfun, òun lẹ máa gbé e lọ bá. Ó tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ mú, ó sì ṣòro tẹ̀. Bàbá wa ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré, lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá wa àgbà fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì gé wọn jẹ lápá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Títí dòní, wọn ò tíì rẹ́rìn-ín sí i.

Èmi ni mo wà láàárín àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnu mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Gbogbo wa la jọ ń gbé ọgbà bàbá wa. Bọ̀ọ̀dá ló ń pàṣẹ ilé, torí àwọn ni àgbà. Abẹ́rẹ́ ní yàrá kan lẹ́bàá géètì, ó sì ní abà onípáànù kan lẹ́yìn ilé tó ti ń rán àga. Ẹ̀gbẹ́ abà yẹn, lára ògiri, ló ti to mọ́tò ẹ̀.

Mọ́tò ọ̀hún kì í ṣe ojúlówó, Abẹ́rẹ́ gan-an ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwòṣe ni. Àwòrán ojúlówó ẹ̀ wà nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́: mọ́tò kékeré kan tí kò ní òrùlé, ẹni méjì péré ló ń gbà, ó rí roboto níwájú, ó rí roboto lẹ́yìn, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú ẹ̀ lè na ọwọ́ kan títì. Wọn ò ṣe é mọ́. Èyí tó bá kù láyé, tí wọ́n bá ta gbogbo wa nílé wa, tí wọ́n ta ilé náà mọ́ wa, a ò lè rà á. Abẹ́rẹ́ ní ohun tí òun ò bá lè rà, òun á ṣe é. Ó lọ gba abẹ́ mọ́tò àtijọ́ ẹlẹ́yìn roboto kan, èyí tí à ń pè ní ìjàpá, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ sínú ẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó ń fi fáíbà ṣe táńkì omi pé kí wọ́n bá òun da ara mọ́tò ọ̀hún, kó rí bí ti inú àwòrán gẹ́lẹ́. Àga ibẹ̀, òun ló rán an. Nígbà tó fi máa parí, èmi ti ní ewú lórí.

Ẹ́ńjìnnì ìjàpá ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ló sì wà, níbi tí mọ́tò mìíràn ń kó ẹrù sí. Kò ní rédíétọ̀. Kì í mu omi rárá. Fáànù kan ló wà lórí ẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára, ohun tó ń mú un tutù nìyẹn. Ariwo ẹ̀ wá ńkọ́? Háà! Bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú korobá. Tí Abẹ́rẹ́ bá ti tan iná sí i, ẹyẹ á fò kúrò lórí ilé.

Bọ̀ọ̀dá sì ní oorun ọ̀sán kan tí wọn ò fi ṣeré. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, orí àga gbọọrọ tó wà ní fàráńdà ni wọ́n máa na ara lé, ẹni tó bá wú ikọ́ nígbà yẹn, ó dáràn. Wọ́n kọ́kọ́ pariwo mọ́ Abẹ́rẹ́ nítorí mọ́tò náà. Òun náà pariwo padà. Wọ́n halẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n pè é, wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Àbúrò, dákun. Mo ti ń dàgbà. Bá mi dín ariwo yẹn kù."

Ẹ ò lè fi agbára mú Abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó padà wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Àǹtí, wọ́n bẹ̀ mí o. Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

Ohun tó ṣe ni iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wá fóòmù tó nípọn jù lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí tó bo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn mọ́tò, ó bo ibẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Ó wá fi awọ pupa bò ó mọ́lẹ̀, ó rán an ní igun mẹ́rin mẹ́rin, òwú kan ò yà sọ́tùn-ún, òwú kan ò yà sósì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn wá wò ó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára. Mo ti rí iṣẹ́ àbúrò mi láti kékeré, mi ò rí èyí tó dára tó yẹn rí.

Ni mọ́tò bá dákẹ́. Ó kàn ń kùn lábẹ́ bí ológbò. Bọ̀ọ̀dá sùn bí ọmọ jòjòló, wọ́n jí, wọ́n sì yin Abẹ́rẹ́ lójú gbogbo wa. Èmi nìkan lọkàn mi ò balẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe ló fà á. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, igbe kì í dẹ́rù bà wá. Ọmọ tí kò bá ké ló ń já wa láyà. Mo sọ ọ́, Abẹ́rẹ́ sì fi mí rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, mọ́tò ni o, kì í ṣe ọmọ."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mọ́tò náà kú. Èmi pẹ̀lú Abẹ́rẹ́ la jọ wà nínú ẹ̀, à ń gun òkè lọ nínú oòrùn. Òórùn kan kọ́kọ́ ta sí mi nímú, bí ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń lu irin lẹ́yìn wa, gbàn-ìn, gbàn-ìn, ó sì kú pátápátá. A tì í délé. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́bàá títì ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn tí mi ò lè tún sọ níbí.

Mẹkáníìkì tó ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. A ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí nọ́ọ̀tù tó fẹ́ tú tí kò ní kọ́kọ́ kí: "Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́, má bínú," bí ẹni fẹ́ gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe, ó kọ́kọ́ yọ ìdérí ẹ̀yìn kúrò kí ọwọ́ ẹ̀ lè ríbi wọlé, ó gbé e ti ògiri, ó kọ ojú awọ pupa sí ògiri kí gírísì má bàa ta sí i. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà títí. Nígbà tó tú u tán, ó ní, "Pístìn ti jóná, ó ti lẹ̀ mọ́ ara. Àpótí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ti là. Èyí kọjá pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ wá òmíràn." Gbogbo wa gbà pé ogbó ló pa á. Ẹ́ńjìnnì tó ti ru adìẹ rí, kí ló tún kù tí kò tíì rí?

Mọ́tò náà wà lára ògiri, eruku bò ó. Bọ̀ọ̀dá ń kọjá níbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ti ní in lọ́kàn tipẹ́ pé àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Wọ́n wá pe èmi àti Abẹ́rẹ́ sí fàráńdà.

"Mọ́tò tó bá lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde ní géètì, mọ́tò ni," wọ́n ní. "Màá wá àyè fún un. Èyí tí kò bá lè jáde, irin ni. Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ra irin jíjẹrà náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Abẹ́rẹ́ ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Tó bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde, ẹ ò ní yí ọ̀rọ̀ padà?"

"Ìgbà wo lo gbọ́ pé mo yí ọ̀rọ̀ padà?"

"Ó dáa. Àǹtí, ẹ ti gbọ́ o. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ́ńjìnnì kiri nìyẹn. Kò sí ọgbà mẹkáníìkì tí a ò dé, orin kan náà sì ni gbogbo wọn ń kọ. "Ẹ́ńjìnnì aláfẹ́fẹ́? Ta ló tún ń lo ìyẹn láyé òde òní?" "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi olómi sí i." Ẹ́ńjìnnì olómi sì rèé, ó gbọ́dọ̀ ní rédíétọ̀, rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn níwájú, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ayùn gé iwájú mọ́tò náà, wọ́n á fi irin oníhò bò ó. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tóun máa gé lórí àwòrán tí Abẹ́rẹ́ mú lọ.

Abẹ́rẹ́ gba àwòrán ẹ̀ padà. "Tí mo bá ní kí n lu imú tìẹ náà ní ihò kẹta, kó o lè máa mí dáadáa, ṣé wàá gbà?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ò tíì dà bẹ́ẹ̀ náà."

"Ó ti dà bẹ́ẹ̀. Nu ṣọ́ọ̀kì ẹ kúrò."

Ó rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Ẹsẹ̀ mi wú. Mo bi í nínú ọkọ̀ èrò pé kí ló dé tí kò kàn jẹ́ kí wọ́n fi olómi sí i, kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde, kí gbogbo wa sinmi. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Àǹtí, tí mo bá fẹ́ mọ́tò tí wọ́n kàn fi oríṣiríṣi há pọ̀, ṣé mi ò ní ra ti gbogbo ayé ni? Ẹyọ ohun kan ni mo ṣe láyé mi tó jẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kó rí ló rí. Bó ṣe máa rí nìyẹn títí." Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni kó máa bá a ru àáké kiri.

A tiẹ̀ rí ẹnì kan tó ní òun ní in. Ó gbé e sórí táyà, ó ti fi ọ̀dà fàdákà kùn ún, ó ń dán yinrin. "Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni," ó ní, "kò sí ohun tó ṣe é." Inú mi dùn, mo ti ń dúpẹ́. Abẹ́rẹ́ ò dúpẹ́. Ó fa abẹ́rẹ́ ńlá tó tẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń rán àga, yọ láti àyà aṣọ ẹ̀, ó fi ń ha ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́. Púútì tí wọ́n fi ń dí ojú irin ló bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn púútì, ojú ibi tó là, ó gùn tó ọmọ ìka mi. Ọkùnrin náà ní, "Ìyẹn? Ìyẹn kéré." Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ìwọ aláìnítìjú yìí! Òkú lo kun ní àtíkè tó o gbé síta pé kí wọ́n wá fẹ́!" Abẹ́rẹ́ fà mí lọ́wọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ìdíkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín látọjọ́ tí mọ́tò náà ti kú.

Oṣù ń tán lọ. A ò rí nǹkan kan. Mo jókòó tì í nínú abà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bá a yọ òwú àtijọ́ lára àga kan, nígbà tí obìnrin kan wọlé pẹ̀lú tapólì ńlá kan lábẹ́ apá. Ó ń ta òdòdó àti igi kéékèèké tí wọ́n ń gbìn sí iwájú ilé. Tapólì ẹ̀ ti ya, ó fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ fún òun.

Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ gbá a kó lè tẹ́jú, kò tẹ́jú. Ẹni tó ń rán ìbòrí máa ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí aṣọ bá pẹ́ lára nǹkan, á gba ìrísí nǹkan ọ̀hún, bí bàtà tó ti gbó ṣe ń mọ ọmọ ìka olówó ẹ̀. Ibì kan yọ lókè, roboto, bí ìkòkò tí wọ́n da ojú ẹ̀ dé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nà gbalaja, ọgbọọgba. Nísàlẹ̀, níbi tó ń kan ilẹ̀, ojú jíjóná kéékèèké méjì wà, irú èyí tí páìpù èéfín máa ń jó. Mo rí i tí ọwọ́ àbúrò mi dúró. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ibi roboto yẹn, ó tọ ọ́ yíká, bí èmi náà ṣe máa ń tọ ikùn aboyún láti mọ ibi tí orí ọmọ wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "kí ni aṣọ yìí ń bò?"

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi sí òdòdó mi ni. Èyí tó ń lo iná ni mo ń lò báyìí. Mi ò kàn fẹ́ kí òjò máa pa á ni."

"Òun fúnra ẹ̀, ṣé ẹ máa ń bu omi sí i?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nìyẹn! Ó ń fún gbogbo oko lómi, òun ò mu ẹ̀kán kan rí láyé ẹ̀."

"Àǹtí!" Abẹ́rẹ́ kígbe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo wà. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé òwú bọ́ lọ́wọ́ mi.

Òun ni. A dé ọgbà òdòdó náà, a rí i lórí pèpéle sìmẹ́ńtì létí kànga, ẹ́ńjìnnì ìjàpá gan-an, fáànù ẹ̀ lórí ẹ̀, ó dọ̀tí ṣùgbọ́n ó ń yí tí a bá fi ọwọ́ yí i. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé wa lọ, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń kí i. Ó ní irú ẹ̀ wà tí wọ́n kì í fi sí mọ́tò, tí wọ́n máa ń fi yí ẹ̀rọ mìíràn. Gbogbo bí a ṣe ń tẹ ọgbà mẹkáníìkì kiri, ibi mọ́tò nìkan la ń wá a sí.

Àmọ́ obìnrin náà ní òun ò tà. "Àwọn tó ń ra irin ti wá. Wọ́n ní àwọn máa fi òòlù fọ́ ọ kó lè wọ inú ọkọ̀. Mo fi ọ̀pá lé wọn. Ẹ̀rọ yìí ló bá mi tọ́ àwọn ọmọ mi. Kò ní kúrò níbí lọ sí ibi tí wọ́n á ti fọ́ ọ." Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, kí ẹ wá wo ibi tó ń lọ." Ó mú un wá sílé, ó nu eruku kúrò lára mọ́tò, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà wọlé, ó jókòó, ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ó wo iwájú títí bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Ó wá yíjú sí Abẹ́rẹ́.

"Ṣé á máa sáré?"

"Á sáré."

"Ẹ lọ gbé e. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde, iwájú ọgbà mi ni kẹ́ ẹ gbà, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀." Abẹ́rẹ́ náà ní ìbòrí tí oòrùn ò fi ní máa pa àwọn òdòdó ẹ̀, òun ló máa rán gbogbo ẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́. Ó yọ ohun tí kì í jẹ́ kó sáré nígbà tó ń fa omi, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, ó kọ́kọ́ tan án nílẹ̀. Ó dún! Ó ké bí ọmọ tuntun, èmi náà sì ké. Ó gbé e sínú mọ́tò lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí Bọ̀ọ̀dá dá. Ó tan án. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá gbé ìdérí pupa náà kúrò lára ògiri, ó fi dé e, ó ní ká jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀. A dúró yí i ká, à ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara wa.

Ni òórùn yẹn bá tún ta sí mi nímú. Áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ.

"Pa á!" mo kígbe. "Ọ̀gá, ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Ó pa á. Ó ṣí i, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá. Ojú ẹ̀ ti yí padà. "Nílẹ̀, ó tutù," ó ní. "Nígbà tí ìdérí ò sí lórí ẹ̀, ó tutù. Kí ló wá dé?" Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹ̀ tán, òun fúnra ẹ̀ ò tíì gbọ́ ohun tó sọ. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ.

Ó fa òwú kan já lára aṣọ ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà ti rọ̀ díẹ̀, ó ní kí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tún tan án láìfi ìdérí dé e. Ó na òwú náà sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, fáànù fà á, ó nà tantan. Ó ní kí wọ́n dé e. Lára ìdérí yẹn, láti ìta, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìlà méjì, bó ṣe wà nínú àwòrán kàlẹ́ńdà gẹ́lẹ́. Ó na òwú sí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú náà so rọ̀. Kò mì. Afẹ́fẹ́ kankan ò gba ibẹ̀ wọlé.

Ó ní kí wọ́n pa á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku.

"Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni, Àǹtí," ó ní. "Àwọn ihò yẹn. Gbogbo ìgbà tí mò ń wo àwòrán yẹn, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Mo fi fóòmù dí i nímú. Èmi ni mo pa èyí àkọ́kọ́."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbá orí ara ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìdérí ọ̀hún ló ń kọ́kọ́ yọ, kò fìgbà kan wo ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú fìlà ẹ̀ lórí.

Inú bí mi, mo sì jẹ́ kó hàn. "Ìwọ kọ́ lo pa á! Oorun ọ̀sán Bọ̀ọ̀dá ló pa á!"

"Wọn ò ní kí n fi fóòmù dí i nímú, Àǹtí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbọ́ràn láyé mi nìyí. Ẹ wo ohun tó dà." Ó sunkún. Abẹ́rẹ́ sunkún, mo fi ojú ara mi rí i. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára ìdérí náà. Kò fà á ya. Ó tọ etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi ṣí pọ̀ mọ́ fóòmù. Lẹ́yìn ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò yẹn wọlé.

Ó dàárọ̀. Ọkọ̀ àwọn tó ń ra irin ti wà lẹ́nu géètì, àwọn bíríkìlà ti fa okùn sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí àga ní fàráńdà pẹ̀lú ife tíì. Abẹ́rẹ́ kí wọn, kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó wọ mọ́tò. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹlẹ́rìí ni mí. Ó tan iná sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ariwo yẹn ju ti àtijọ́ lọ. Ó lu ògiri, ó padà lu wá. Ẹyẹ fò. Bíríkìlà kan ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dìde, tíì dà sí wọn lára, wọ́n ń bọ̀ wá bá wa pẹ̀lú ọwọ́ lókè.

"Ariwo ńkọ́?" wọ́n kígbe. "Mo ní kó o dín ariwo kù! Ṣé o ti yọ ohun tó o fi sí i ni?"

"Bó ṣe ń mí nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá!" Abẹ́rẹ́ náà kígbe padà. "Mo dí i nímú nítorí yín, ó kú! Mi ò tún dí i mọ́. Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde. Ẹ yà lọ́nà!"

Wọ́n dúró níwájú mọ́tò náà. Ó pẹ́ lójú mi. Mo rí i tí wọ́n wo ọkọ̀ onírin, tí wọ́n wo mọ́tò, tí wọ́n wo àbúrò wọn. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní ohun tó tọ́ sí wọn: ọ̀rọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá bá ti sọ, wọn kì í kó o jẹ. Wọ́n yà. Wọ́n tiẹ̀ lọ ṣí apá kejì géètì tí ó ṣì wà ní títì.

A jáde. A gba iwájú ọgbà òdòdó, obìnrin náà ti dúró síta pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù tó fi ń wọ́n omi. Kò juwọ́. Ó kàn dúró, ó gbé etí síta, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a fi máa padà délé, ọkọ̀ onírin ti lọ, àwọn bíríkìlà sì ti fa okùn wọn sí apá kejì ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ na ara lé àga gbọọrọ, Abẹ́rẹ́ gbé ìrọ̀rí kan lọ bá wọn ní fàráńdà. Awọ pupa ni, igun mẹ́rin mẹ́rin, òwú kan ò yà. Fóòmù inú ẹ̀ nípọn dáadáa. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n mọ ibi tó ti wá.

"Kí lo ní kí n fi èyí ṣe?"

"Ẹ máa fi dí etí, Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Etí yín ni kẹ́ ẹ dí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì tún un tò sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì lọ tan mọ́tò ẹ̀.